Sàfárì wa ní Serengeti: ilé-iṣẹ́ tó gbé wa lọ, àgọ́ tá a sùn, àti ibi tí wọ́n ti já wa kulẹ̀

Oṣù Kejì la lọ, èmi, ọkọ mi àti màámi tí wọ́n ti pé ẹni ọdún 71. Ọjọ́ mẹ́fà la lò ní Tànsáníà, a gbéra ní ìlú Arusha, a ya páàkì Tarangire, a sun òru méjì ní Ndutu, a wọ àárín páàkì Serengeti, a wá fi kòtò Ngorongoro parí ẹ̀, ìyẹn àfonífojì ńlá táwọn ẹran ìgbẹ́ ń gbé nínú ẹ̀. Látìgbà tá a ti dé ni wọ́n ti ń bi mí pé ta la bá lọ, èló la san, ṣé ibi tá a sùn dáa, ṣé kì í ṣe inú igbó ni wọ́n kó wa lọ. Inú igbó ni o, ohun tá a sì sanwó fún nìyẹn. Mi ò ní dárúkọ ilé-iṣẹ́ kankan, torí ọ̀rọ̀ mi ò dá lórí orúkọ. Ibi tẹ́ ẹ máa sùn ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ gbájú mọ́, mo ti wá rí i pé òun ló ń pinnu ohun tẹ́ ẹ máa rí tílẹ̀ bá mọ́, kì í ṣe bí bẹ́ẹ̀dì ṣe rọ̀ tó.

Ilé-iṣẹ́ mẹ́rin la kọ̀wé sí. Ẹni àkọ́kọ́ ní $190 lórí ẹnì kan lójúmọ́, inú ọkọ mi dùn, ó ní ká yáa tètè san án kó má bọ́ mọ́ wa lọ́wọ́. Mo ní kó ní sùúrù. Ṣé ẹ rí owó wíwọ páàkì, ìjọba ló ń gbà á, kò sí ilé-iṣẹ́ tó lè bá yín dín in kù. Nígbà tá a lọ, $70 ni Serengeti ń gbà lọ́wọ́ àgbàlagbà tó bá wá láti ìlú òkèèrè, fún wákàtí 24 péré, Ngorongoro ń gba $60, kí wọ́n tó wá fi VAT ìdá 18 nínú ọgọ́rùn-ún lé e. Mọ́tò tó bá máa sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò Ngorongoro tún ní owó tiẹ̀ lọ́tọ̀, $250, tí wọ́n bá fi VAT kún un ó di $295, bẹ́ ẹ bá sì jẹ́ mẹ́ta nínú mọ́tò bíi tiwa, ó ń lọ sí $98 lórí ẹnì kọ̀ọ̀kan kẹ́ ẹ tó jẹun, kẹ́ ẹ tó sùn. Ẹ wá yọ gbogbo ìyẹn kúrò nínú $190 yẹn kẹ́ ẹ wò ó, kí ló kù tí wọ́n fẹ́ fi ra epo, tí wọ́n fẹ́ fi sanwó dírẹ́bà, tí wọ́n fẹ́ fi gba ibi tẹ́ ẹ máa sùn? Mo bi ẹni náà ní tààràtà pé ṣé owó kòtò wà nínú ẹ̀. Ọjọ́ méjì gbáko ni ò fi fèsì, ìgbà tó máa fèsì ó ní ẹni tó bá wù ló ń lọ síbẹ̀, pé a lè san án fún dírẹ́bà tá a bá débẹ̀. Bẹ́ẹ̀ òun fúnra ẹ̀ ló kọ Ngorongoro sínú ètò tó fi ránṣẹ́!

Ti ẹnì kejì ló dùn mí jù, torí ó kù díẹ̀ ká kó sí i. Ẹ̀yin èèyàn mi, fọ́tò tí wọ́n fi ránṣẹ́ lórí WhatsApp rẹwà gan-an, ilé onípákó tó yọrí sórí odò, balùwẹ̀ tẹ́ ẹ ti lè máa wo ẹran, bẹ́ẹ̀dì bíi ti ààfin. Ṣùgbọ́n Kogatende ló wà, létí odò Mara, ní àríwá pátápátá, oṣù Kejì la sì ń lọ. Ohun tí wọn ò sọ fún wa nìyí: nyumbu, orúkọ tí wọ́n ń pe wildebeest níbẹ̀ nìyẹn, ẹran ìgbẹ́ kan tó jọ màlúù, wọ́n lé ní mílíọ̀nù kan, wọn kì í gbé ojú kan, òjò àti koríko ni wọ́n ń tẹ̀ lé káàkiri yípo ọdún. Láti bí oṣù Kejìlá títí wọ oṣù Kẹta, gúúsù ni wọ́n máa ń wà, lágbègbè Ndutu, ibẹ̀ ni wọ́n ń bímọ sí. Tó bá di oṣù Karùn-ún sí oṣù Kẹfà, wọ́n á ti forí lé apá ìwọ̀-oòrùn níbi odò Grumeti. Ó di oṣù Keje sí oṣù Kẹwàá kí wọ́n tó máa sọdá odò Mara yẹn tí ọ̀nì ń ba dè wọ́n. Serengeti tóbi tó 14,763 kìlómítà níbùú lóòró, kì í ṣe ibi tẹ́ ẹ máa jí láàárọ̀ kẹ́ ẹ ní ẹ fẹ́ sáré lọ sí apá kejì kẹ́ ẹ padà jẹun ọ̀sán. Lóòótọ́ kìnnìún àti erin tó ń gbé àríwá wà níbẹ̀ ní gbogbo ìgbà, àmọ́ nyumbu tó ń bímọ ni màámi fẹ́ rí, ilé-iṣẹ́ náà sì mọ̀ torí mo kọ ọ́ sínú lẹ́tà àkọ́kọ́. Wọ́n kàn ní yàrá tó ṣófo ní Kogatende ni, wọ́n sì fẹ́ kó kún.

Ẹnì kẹta fẹ́ dà wá pọ̀ mọ́ àwọn mẹ́rin tá ò mọ̀ rí nínú mọ́tò kan, a kọ̀ ọ́ nítorí màámi.

Ẹnì kẹrin la bá lọ, ilé-iṣẹ́ kékeré tí ọ́fíìsì wọn wà ní Arusha. Ohun tó mú wa nífẹ̀ẹ́ wọn ni pé obìnrin tó ń dá wa lóhùn kọ́kọ́ bi wá ní ìbéèrè kó tó dárúkọ owó. Oṣù wo lẹ fẹ́ wá? Kí lẹ fẹ́ rí gan-an? Ọmọ ọdún mélòó ni ẹni tó dàgbà jù, ṣé orúnkún ẹ̀ ṣì lágbára láti gun mọ́tò gíga, ṣé ó lè sùn níbi tí tọ́lẹ́ẹ̀tì wà nínú tẹ́ǹtì? Lẹ́yìn náà ló wá kọ ọ́ ní alẹ́ kọ̀ọ̀kan: orúkọ ibi tá a máa sùn, bóyá inú páàkì ni tàbí ìta, wákàtí mélòó sí ibi tá a ti máa wo ẹran. Ó fi fọ́tò ìwé àṣẹ wọn ránṣẹ́, èyí tí wọ́n ń pè ní TALA, láìjẹ́ pé mo bẹ̀ ẹ́. $340 lórí ẹnì kan lójúmọ́, gbogbo owó páàkì wà nínú ẹ̀, mọ́tò tiwa nìkan, ìdá 30 nínú ọgọ́rùn-ún la kọ́kọ́ san. Ọbẹ̀ tó dùn, owó ló pa á, ṣùgbọ́n ó kéré tán a mọ ohun tówó náà ń lọ fún.

Mọ́tò jẹ́ Land Cruiser tí òrùlé ẹ̀ ń ṣí sókè, kálukú ló ní fèrèsé tiẹ̀, kò sẹ́ni tó ń nà kọjá orí ẹnì kejì láti ya fọ́tò. Wọ́n gbé àpótí onígi kékeré sínú ẹ̀ tí màámi ń fi gùn ún. Fíríìjì inú ẹ̀ ò ṣiṣẹ́ láti ọjọ́ kẹta, omi gbóná, ìyẹn ò yọ wá lẹ́nu púpọ̀.

Gáìdì wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀. Bó ṣe rí màámi ní pápákọ̀ òfurufú Kilimanjaro báyìí ló tẹrí ba tó ní "Shikamoo, Mama." Ìkíni tí wọ́n fi ń kí àgbà ni, ẹni tí wọ́n bá kí á ní "Marahaba." Màámi ò gbọ́ Swahili kankan o, àmọ́ wọ́n mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n kọ́ dáadáa ló dúró níwájú àwọn, láti ọjọ́ yẹn wọn ò jẹ́ kẹ́nikẹ́ni sọ̀rọ̀ ẹ̀ láìdáa. Òun ló sọ fún wa kó tó dọjọ́ kejì pé ká má wọ aṣọ dúdú tàbí búlúù, torí eṣinṣin tsetse máa ń wá sí àwọ̀ yẹn. Ọkọ mi wọ búlúù lọ sí Tarangire, ọrùn ẹ̀ wú. Tarangire náà dáa ṣá, abẹ́ igi oṣè ni erin bíi ogún ti rìn kọjá níwájú mọ́tò wa, àwọn ọmọ wọn wà láàárín. Àjànàkú kọjá mo rí nǹkan fìrí, ibẹ̀ ni mo ti mọ ìdí ọ̀rọ̀ yẹn.

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, ní Ndutu, gáìdì wa rí abo nyumbu kan tó dá yà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, tó ń dùbúlẹ̀ tó tún ń dìde. Lápá Ndutu tó bọ́ sábẹ́ àwọn tó ń bójú tó Ngorongoro, wọ́n gba mọ́tò láyè láti yà kúrò lójú ọ̀nà, wọn kì í gbà á ní àárín Serengeti, ó rọra yà síbẹ̀, ó dúró lókèèrè, ó pa ẹ́ńjìnnì. Mọ́tò mẹ́ta sáré kọjá lójú ọ̀nà torí ẹnì kan ti sọ lórí rédíò pé kìnnìún wà níwájú. Òun ò lọ. Ó ní ká ṣe sùúrù. A tó ìṣẹ́jú 40 lórí ìjókòó. A kọ́kọ́ rí pátákò kékeré méjì tó yọ, lẹ́yìn náà imú, lẹ́yìn náà gbogbo ẹ̀ já bọ́ sínú koríko pẹ̀lú omi. Ọmọ yẹn fẹ́ dìde, ó ṣubú, ó tún dìde, ẹsẹ̀ ẹ̀ ń gbọ̀n, ìyá ẹ̀ ń lá a lára, ó tún ṣubú, ó dìde, ó dúró. Kò tó ìṣẹ́jú mẹ́wàá tó fi ń sáré tẹ̀ lé ìyá ẹ̀. Mo wẹ̀yìn, màámi ń sunkún, wọ́n ń sọ pé "O kú ewu o, o kú ewu ọmọ." Nyumbu ni wọ́n ń kí. Gáìdì bi mí ohun tí Mama ń sọ, mo túmọ̀ ẹ̀ fún un, òun náà fọwọ́ nu ojú.

Ká ní Kogatende la sùn ni, a ò ní rí i.

Àgọ́ tá a sùn ní Ndutu, tẹ́ǹtì ni, tẹ́ǹtì tó ga tẹ́ ẹ lè dúró nínú ẹ̀ dáadáa, bẹ́ẹ̀dì gidi, tọ́lẹ́ẹ̀tì lẹ́yìn, iná sọ́là. Irú àgọ́ yìí kì í gbé ojú kan, wọ́n máa ń tú u tí wọ́n á lọ pa á síbi táwọn ẹran bá wà. Omi ìwẹ̀, ẹ máa sọ àsìkò tẹ́ ẹ fẹ́ ẹ, ọmọkùnrin kan á gbé omi gbígbóná wá, á fà á sókè sínú ike tó so kọ́ lẹ́yìn tẹ́ǹtì, á pariwo láti ìta pé ó ti tó, ẹ wá máa fa okùn. Bí 20 lítà ni, ẹ fi ara pa ọṣẹ kẹ́ ẹ tó fa okùn lẹ́ẹ̀kejì. Kò sí ọgbà kankan yí àgọ́ ká. Tílẹ̀ bá ti ṣú, ẹ ò gbọ́dọ̀ dá jáde, àsíkárì kan, ìyẹn ẹ̀ṣọ́ àgọ́, á wá mú yín pẹ̀lú tọ́ọ̀ṣì lọ síbi oúnjẹ, á sì mú yín padà. Lóru àkọ́kọ́ mi ò sùn, ìkookò ń ké lẹ́yìn aṣọ tẹ́ǹtì, ohùn ẹ̀ á bẹ̀rẹ̀ nísàlẹ̀ á wá lọ sókè. Lóru kejì mo sùn fọnfọn. Ẹ ríi pé síìpù yín wà ní títì látòkè délẹ̀, ká tó sùn àsíkárì yẹ tiwa wò. Tẹ́ǹtì tí wọ́n kọ́kọ́ fún màámi jìnnà, mo sọ fún wọn, láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ wọ́n ti kó ẹrù wọn sí èyí tó sún mọ́ ibi oúnjẹ.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ ibi tí wọ́n ti já wa kulẹ̀. Nínú ìwé tí wọ́n kọ fún wa, alẹ́ ọjọ́ karùn-ún, etí kòtò Ngorongoro lókè la máa sùn, ibi tó ga ju 2,200 mítà lọ. Ó ku wákàtí méjì ká débẹ̀ ni fóònù gáìdì dún, wọ́n ní yàrá ti kún, Karatu la máa sùn. Karatu wà lóde géètì. Ilé tí wọ́n mú wa lọ dáa ju tàkọ́kọ́ gan-an, oúnjẹ dùn, wọ́n fi rọ́bà omi gbígbóná sábẹ́ bùláńkẹ́ẹ̀tì fún wa. Ọkọ mi ní ṣé ẹ ò rí i, wọ́n ti gbé wa ga sí i. Mi ò gbà. Ọ̀nà tó sọ̀ kalẹ̀ sínú kòtò ń ṣí láago mẹ́fà àárọ̀, ẹni tó sùn lókè á ti wà nísàlẹ̀ nígbà tí kìnnìún ṣì ń rìn, tí ìrì ṣì wà lórí koríko. Àwa jí láago márùn-ún, a tò ní géètì, a gun òkè nínú kùrukùru, aago mẹ́jọ ku díẹ̀ la dé ìsàlẹ̀, mọ́tò ti pọ̀. A rí àgbáǹréré dúdú kan lókèèrè, bí àmì kékeré, nínú bínókúlà nìkan. Gáìdì kan tá a bá pàdé sọ fún tiwa pé ó wà lẹ́bàá ọ̀nà láago méje.

Mo kọ̀wé sí ọ́fíìsì lálẹ́ ọjọ́ náà. Obìnrin yẹn ò ṣàwáwí, ó ní àwọn ti mọ̀ láti ọjọ́ mẹ́ta pé yàrá ò sí, àwọn ò fẹ́ ba inú wa jẹ́ ni. Ó dá $150 padà fún wa. Mo mọrírì pé ó sòótọ́, síbẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta yẹn ló yẹ kó sọ ọ́, torí a lè ti yí ètò padà, ká sun Serengeti òru kan sí i.

Gáìdì, mo fún un ní 10 nínú 10, $20 la sì fún un lójúmọ́ lọ́wọ́ tiwa lọ́tọ̀. Àgọ́ Ndutu, 9. Ọ́fíìsì, 6. Màámi ti ní ká padà lọ lóṣù Kẹjọ, pé àwọn fẹ́ rí bí nyumbu ṣe ń sọdá odò Mara, lọ́tẹ̀ yìí Kogatende gan-an la máa sùn. Mo ti kọ̀wé sí obìnrin yẹn, ohun àkọ́kọ́ tí mo ní kó fi sínú ìwé àdéhùn ni orúkọ gbogbo ibi tá a máa sùn, àti pé tí ọ̀kan bá yí padà, ọjọ́ tí wọ́n bá mọ̀ ni kí wọ́n pè mí.