Aago Òmùwẹ̀ Àtijọ́ Tí Mo Fọwọ́ Ara Mi Tò: Ohun Tí Mo Rí Nínú Àkójọ Kan

Nínú gbogbo aago òmùwẹ̀ àtijọ́, Submariner 6538 tí Rolex ṣe ní àwọn ọdún 1950 ni ó wù mí jù, nítorí kókó ńlá tí a fi ń yí i, èyí tí ó fẹ̀ tó mìlímítà 8, tí kò sì ní irin kankan tó dáàbò bò ó lẹ́gbẹ̀ẹ́ bíi ti àwọn àbúrò rẹ̀ tó dé lẹ́yìn. Owó ojúlówó rẹ̀ kì í ṣe ohun tí ẹni tó ń gba owó oṣù lè dáwọ́ lé. Nítorí náà ni mo ṣe ra àkójọ ohun èlò tí ọlọ́jà kan ń tà lórí íntánẹ́ẹ̀tì fún àwọn tó fẹ́ to àfijọ rẹ̀ fúnra wọn: ara aago, ojú rẹ̀, ọwọ́ mẹ́ta, ìdérí oníke àti ẹ̀rọ NH38. Oṣù mẹ́rin rèé tí ó ti wà ní ọrùn ọwọ́ mi.

Ẹ̀rọ yìí, tí ilé iṣẹ́ kan lábẹ́ Seiko ń ṣe, ni ohun tó dára jù nínú àkójọ náà. Òkúta kéékèèké 24, tí kì í jẹ́ kí irin inú ẹ̀rọ tètè jẹ, ni ó wà nínú rẹ̀, ó máa ń ṣiṣẹ́ fún nǹkan bí wákàtí 41 bí a bá bọ́ ọ sílẹ̀, ó sì ń lù ní ìgbà 21,600 láàárín wákàtí kan, ìyẹn ìgbà mẹ́fà ní ìṣẹ́jú àáyá kọ̀ọ̀kan. Ẹ̀rọ 1030 tó wà nínú 6538 ń lù ní ìgbà márùn-ún, nígbà tí ọ̀pọ̀ aago Switzerland òde òní ń lù ní ìgbà mẹ́jọ. Ẹni tó bá ti tẹjú mọ́ ọwọ́ ìṣẹ́jú àáyá aago àtijọ́ rí yóò mọ̀ pé ìrìn tirẹ̀ ni èyí súnmọ́. Mo tún yin ọlọ́jà náà pé kò fi NH35 dípò rẹ̀, torí pé NH35 ní déètì nínú, bí a bá sì fa kókó rẹ̀, yóò dúró níbì kan fún déètì tí kò sí lójú aago.

Àwọn tó ṣe ẹ̀rọ náà ṣèlérí pé kò ní fi ju ìṣẹ́jú àáyá 20 pẹ́ tàbí kí ó fi ju 40 yá lóòjọ́. Nígbà tí mo gbé e lé ẹ̀rọ tó ń gbọ́ ìró aago, ó ń fi 14 yá bí ojú rẹ̀ bá wà lókè, ó sì ń fi 6 pẹ́ bí kókó rẹ̀ bá dojú kọ ilẹ̀. Títún un ṣe díẹ̀ ti mú un wá sí ìṣẹ́jú àáyá 4 lóòjọ́.

Ọ̀dà tó ń tàn lókùnkùn ni ó bà mí nínú jẹ́. Radium ni wọ́n ń fi sára aago ayé àtijọ́, ọjọ́ ogbó sì máa ń sọ ọ́ di pupa rúsúrúsú, lójú aago àti lára ọwọ́ rẹ̀ lápapọ̀. Ẹni tó ṣe àkójọ yìí kun ojú aago ní àwọ̀ eyín erin tó ti pẹ́, ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ funfun, ó sì tún ní àwọ̀ ewé díẹ̀ nínú. Kò sí bí àwọn méjèèjì ṣe lè jọ dàgbà nínú aago kan náà. Lóru, ọwọ́ ti ń kú kí ojú aago tó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú.

Ìdérí oníke náà ga díẹ̀ láàárín, ó sì ń tẹ àwọn ìlà ìṣẹ́jú létí bó ṣe yẹ. Nǹkan máa ń tètè ha á lára, ṣùgbọ́n ó ṣeé dán. Ọ̀pá tó so kókó mọ́ ẹ̀rọ, tí a gbọ́dọ̀ gé mọ níwọ̀n, ẹyọ kan péré ni wọ́n fi sí i. Méjì ló yẹ. Ẹni tó bá sì fẹ́ tò ó nígbà ọyẹ́, kí ó kọ́kọ́ wá ọ̀nà dá eruku dúró.

Ọlọ́jà náà bi mí bóyá kí òun tẹ orúkọ Rolex sójú rẹ̀. Mo kọ̀, nítorí pé aago máa ń ti ọwọ́ ẹnì kan bọ́ sí ti ẹlòmíràn, n kò sì fẹ́ kí ẹni tí yóò jogún rẹ̀ lọ fi tan ara rẹ̀ tàbí ẹni tí yóò rà á. Ojú aago tèmi ṣófo níbẹ̀, ó sì wù mí bẹ́ẹ̀.

Mo ti wá ọwọ́ mìíràn lọ síbòmíràn. Ihò wọn jẹ́ mìlímítà 1.50, 0.90 àti 0.20 bí NH38 ṣe ń fẹ́, mo sì ti fi àwòrán ojú aago yìí ránṣẹ́ kí ọ̀dà wọn lè bá a mu.