Síkáàfù Moon láti Guiseley: ti fáàrí ni àbí ti òtútù?

Ọ̀pọ̀ ọkùnrin wa ní Leeds nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì níbí ni síkáàfù wà lọ́rùn wọn tí òtútù ṣì ń pa. Wọ́n á gbé e kọ́ ọrùn, wọ́n á jẹ́ kí etí ẹ̀ méjèèjì máa fì síwájú kóòtù. Fọ́tò á dùn ún wò lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹ wo abẹ́ àgbọ̀n wọn, ibi tí gògóńgò wà gan-an: gbayawu ló wà. Ibẹ̀ náà sì ni afẹ́fẹ́ oṣù January ń wá kiri. Èmi tí mo máa ń dúró ní ibùdókọ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, tí mo bá ń lọ síbi tí a ti ń di ẹrù, mi ò lè fi ọ̀rọ̀ ọrùn ṣeré. Síbẹ̀ mi ò ní purọ́ fún yín, mo fẹ́ kó bá aṣọ mi mu. Ọmọ Ìjẹ̀bú ni mí.

Kí n tó dé orí síkáàfù Moon tí mo torí ẹ̀ kọ̀wé, ẹ jẹ́ kí n yára fẹnu ba àwọn yòókù. Èyí tí wọ́n ń tà lórí àtẹ lọ́jà, acrylic ni ọ̀pọ̀ nínú wọn. Òwú tí wọ́n ti ara epo rọ̀bì ṣe ni acrylic. Kò wọ́n, ó sì gbóná níwọ̀nba, ṣùgbọ́n ẹ fi bo ẹnu kí ẹ máa mí sínú ẹ̀: kó tó pẹ́, ibi tí ẹnu yín wà á ti rin gbindin, nítorí acrylic kì í fa omi mu. Omi á kàn jókòó sójú aṣọ, á sì máa tutù mọ́ yín létè. Ní ti èyí tó gùn gbọọrọ, tó rí fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, tí àwọn ọ̀dọ́ ń wé ní ìwé òkè ìwé ìsàlẹ̀, ti òde alẹ́ nìyẹn. Inú mọ́tò ni wọ́n á ti gbé e jáde, inú mọ́tò ni wọ́n á tún gbé e padà sí.

Èyí tó rí róbótó bí ọrùn súwẹ́tà, tí ẹ máa ki orí bọ̀, irú èyí tí ilé iṣẹ́ Buff ti ilẹ̀ Spain ń ṣe, kò lẹ́gbẹ́ lẹ́nu iṣẹ́. Níbi tiwa, wọn kì í jẹ́ kí ẹnikẹ́ni wé síkáàfù gígùn sún mọ́ bẹ́líìtì tó ń gbé páálí kọjá, òfin náà sì tọ́. Isadora Duncan, oníjó ará Amẹ́ríkà tí òkìkí ẹ̀ kàn nígbà náà, síkáàfù tó wé sọ́rùn ló há sínú táyà ọkọ̀ tó wà nínú ẹ̀ ní Nice ní 1927, tó sì gba ẹ̀mí ẹ̀. Nítorí náà èyí tí kò ní etí tó ń fì ni mò ń lò lẹ́nu iṣẹ́. Ṣùgbọ́n ẹ dán an wò kí ẹ fà á dé imú, kí ẹ wá wọ báǹkì. Ẹ máa rí ojú tí wọ́n á fi wò yín.

Ó wá ku síkáàfù Moon. Guiseley ni wọ́n ti ń hun ún, ìlú kékeré kan tí kò jìnnà sí wa rárá, ọkọ̀ ojú irin tó ń lọ sí Ilkley máa ń dúró níbẹ̀. Abraham Moon ló dá ilé iṣẹ́ náà sílẹ̀ ní 1837, nígbà tí iṣẹ́ irun àgùntàn ń bọ́ gbogbo agbègbè Leeds àti Bradford. Ọ̀pọ̀ ilé iṣẹ́ bẹ́ẹ̀ ti kógbá sílé, ṣùgbọ́n ti Moon ṣì ń rẹ irun àgùntàn láró, wọ́n ń ran án di òwú, wọ́n ń hun ún, wọ́n sì ń parí iṣẹ́ lára ẹ̀, gbogbo ẹ̀ lójú kan náà.

Tèmi jẹ́ aláwọ̀ eérú, ó ní ilà búlúù tó ṣú dẹ̀dẹ̀ tó sún mọ́ ẹtù. Bí mo ṣe gbà á, etí ẹ̀ ni mo kọ́kọ́ yẹ̀ wò, bí àwọn àgbà ilé wa ṣe máa ń yẹ òfì wò kí wọ́n tó dá sí owó. Etí ẹ̀ gún, òwú kankan ò já, wọ́n sì lọ́ wajawaja ẹ̀ dáadáa débi pé fífà ò tú u. Ó fúyẹ́ ju bí mo ṣe rò lọ. Tí ẹ bá fún un mọ́ ọwọ́, tí ẹ wá jọ̀wọ́ ẹ̀, ṣe ló máa wú padà. Wíwú yẹn gan-an ni ooru ẹ̀: irun àgùntàn máa ń ká kórókóró, afẹ́fẹ́ á wá há sí àárín ẹ̀, kò ní lè jáde. Ó tún lè fa omi tó sún mọ́ ìdá kan nínú mẹ́ta ìwọ̀n ara ẹ̀ mu kó tó di pé ẹ mọ̀ ọ́n lára pé ó rin. Mo ti mí sínú tèmi láti ibùdókọ̀ dé ẹnu ọ̀nà ibi iṣẹ́, kò rin mọ́ mi lẹ́nu.

Ọ̀rọ̀ bọ́ńpù wá ńkọ́? Àwọn òyìnbó tó ń kọ̀wé nípa síkáàfù kì í dárúkọ ẹ̀, nítorí kì í sábà yọ wọ́n lẹ́nu tó bó ṣe ń yọ wá. Irun àgbọ̀n tiwa máa ń ká. Tí abẹ bá ti gé e kanlẹ̀, ẹnu ẹ̀ á ṣẹ́rí padà wọnú awọ, ibẹ̀ á wú. Tí irun àgùntàn bá wá ń họ irú ọrùn bẹ́ẹ̀ láti àárọ̀ dalẹ́, ẹ ò ní lè sùn. Irun àkọ́rẹ́ ọmọ àgùntàn ni wọ́n fi hun tèmi, ó sì rọ̀ ju irun àgùntàn tó ti dàgbà lọ. Síbẹ̀, lọ́jọ́ tí onígbàjámọ̀ bá ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ọwọ́ kan ọrùn mi, mo máa ń gbé kọ́là ṣẹ́ẹ̀tì mi dúró sínú kí n tó wé e. Ẹni tí ọrùn ẹ̀ bá burú ju tèmi lọ, kó wá merino, irú àgùntàn kan tí irun ẹ̀ tín-ín-rín ju èyí lọ. Tí owó bá wà, kó ra cashmere, ìyẹn irun múlọ́múlọ́ tó wà lábẹ́ irun òde ewúrẹ́, tí púpọ̀ nínú ẹ̀ ń ti Ṣáínà àti Mongolia wá. Ọ̀rọ̀ owó ẹ̀, ẹ má bi mí.

Bí mo ṣe ń wé e nìyí. Tó bá jẹ́ òtútù gidi, mo á gbé e kọ́ ọrùn, mo á fi etí kan gba orí ìkejì láàárín àyà, kò ní sí àlàfo kankan lábẹ́ àgbọ̀n, mo á wá bọ kóòtù lé e, mo á fa síìpù dókè. Ilà tí mo sanwó fún ò hàn sí ẹnikẹ́ni, ara mi sì gbóná. Tó bá jẹ́ ọjọ́ Sunday, mo á ká a sí méjì, mo á ki etí ẹ̀ méjèèjì bọ ojú ibi tó ti ká, mo á fà á dé ọ̀fun. Àbúrò mi kan rí mi bẹ́ẹ̀ níwájú ṣọ́ọ̀ṣì, ó kúnlẹ̀ kí mi, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú fáàrí o. Ìborùn ìyàwó yín kọ́ nìyẹn?” Mo bi í bóyá kò rí ìtàgbé léjìká àwọn àgbà Òṣùgbó rí, pẹ̀lú ṣakí tó pọ̀ lára ẹ̀ yẹn, ṣé obìnrin nìkan ló ń gbé e ni? Wọn ò sì gbé e torí òtútù. Ẹ̀rín pa á. Lọ́sẹ̀ tó tẹ̀ lé e, ó ní kí n júwe Guiseley fún òun.

Owó ẹ̀ tó ìlọ́po mẹ́rin tàbí márùn-ún ti orí àtẹ. Lójú mi, ó tọ́ sí i. Ẹ má jù ú sínú ẹ̀rọ ìfọṣọ pẹ̀lú sòkòtò jíǹsì o, á sún kì, á le gbagidi. Omi tútù, ọṣẹ díẹ̀, ẹ má lọ́ ọ, ẹ tẹ́ ẹ sórí táwẹ́ẹ̀lì kó gbẹ. Tí ooru bá dé, ẹ fọ̀ ọ́ kí ẹ tó gbé e pamọ́, kí ẹ sì dì í sínú náílọ́ọ̀nù tí kò ní ihò, nítorí ibi tí òógùn bá ti gbẹ mọ́ ni kòkòrò máa ń kọ́kọ́ jẹ.