Katakata Britains àti Siku fún ẹni tó fẹ́ kọ́ oko Ẹ̀pẹ́ sórí tábìlì: ohun tí mo rí

Bí ẹ bá fẹ́ kọ́ abúlé kékeré sórí pákó, ẹ ra katakata ìṣeré tí Britains àti Siku ń ṣe, ẹ ra irin ìtúlẹ̀ tó ń tẹ̀ lé e, kí ẹ fi ilé wọn, igi wọn àti koríko wọn sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́. Katakata yẹn tó owó ẹ̀. Ìyókù, kò sí ohun tí a ò ní ní Ẹ̀pẹ́.

Ọ̀nà oko lápá Àràgà ni mo kọ́: ilẹ̀ pupa, ebè gbáàgúdá, ọ̀pẹ díẹ̀, ilé onípáànù kan, àti ibi tí àwọn ìyá ti ń yan gàrí. Orí pìláwùùdù ni gbogbo rẹ̀ wà. Fóòmù funfun tí wọ́n fi ń di tẹlifíṣọ̀n nínú páálí ni mo fi ṣe ilẹ̀ tó ga.

Iye tí wọ́n tẹ̀ sábẹ́ katakata ni kí ẹ kọ́kọ́ wò kí ẹ tó bèèrè owó. Britains ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Siku ti Jámánì ń ṣe 1:32, ìyẹn ni pé ohun tó gùn tó mítà kan lóko á di bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta lórí tábìlì. Ṣùgbọ́n Siku kan náà ń ṣe 1:87, Bruder ń ṣe 1:16, Ertl ti Amẹ́ríkà sì ní 1:64 àti 1:16. Ẹ má pò wọ́n pọ̀. Ọkùnrin tó ga ní 1.70m á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5.3 ní 1:32, màlúù á jẹ́ bíi mẹ́rin, ewúrẹ́ wa kúkúrú yìí ò sì gbọ́dọ̀ ju ọ̀kan ààbọ̀ lọ. Ẹnì kan tó ń tajà lórí íntánẹ́ẹ̀tì kọ 1:32 sára gbogbo ọjà rẹ̀, àfi ìgbà tí mo tú páálí tí mo bá ewúrẹ́ tó ga ju màlúù lọ. Mo pè é, ó ní ohun ìṣeré ọmọdé ṣá ni. Kò dá owó mi padà.

Látìgbà yẹn, ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tú bẹ́ẹ̀lì tọ́ì ọ̀kírìkà ni mo ti ń ra tèmi, rúlà wà lápò mi. Ẹ lè rí katakata irin gidi láàárín àwọn tọ́ì oníke àti bébí tí ò lórí, torí ọ̀pọ̀ àwọn tó ń tà á ò mọ̀ ọ́n yàtọ̀ sí oníke. Ẹ gbé e lọ́wọ́, ẹ ó mọ̀ ọ́n pẹ̀lú ìwọ̀n rẹ̀. Ohun tó máa ń já mi láyà ni táyà: èyí tó ti là kò ṣe é tún ṣe.

Massey Ferguson 135 pupa ni mo bá yín yàn. Àwọn Fendt àti John Deere ńláńlá tí wọ́n ń ṣe báyìí rẹwà lóòótọ́, ṣùgbọ́n ta ló ní irú rẹ̀ ní Àràgà? 135 mi gùn tó bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́sàn-án, iwájú rẹ̀ ń yí, ìkọ́ ẹ̀yìn rẹ̀ sì ń fa irin ìtúlẹ̀ láìjábọ́. Ọ̀dà rẹ̀ ló ń dán jù. Mo jọ ilẹ̀ pupa nínú asẹ́, mo po ó mọ́ omi àti gọ́ọ̀mù funfun àwọn káfíńtà, mo wá fi búrọ́ọ̀ṣì ògbólógbòó tọ́ ọ sínú ojú táyà àti abẹ́ máàdìgáàdì. Nígbà tó gbẹ, ó ti di katakata tó dé láti oko.

Màlúù wọn ni mo bá jà. Friesian, irú màlúù òyìnbó, ni gbogbo èyí tí mo rà: dúdú àti funfun, ọmú ńlá, ẹ̀yìn gbọọrọ láìsí iké. Mo fi gọ́ọ̀mù fọ́ọ̀-mínìtì àwọn mẹkáníìkì mọ iké lé wọn, mo ki wáyà kọ́pà bọ̀ wọ́n lórí láti fi ṣe ìwo gígùn, mo kùn wọ́n ní funfun. Ọmọ ẹ̀gbọ́n mi wò ó, ó ní, “Bọ̀ọ̀dá, ẹ lé wọn o, wọ́n fẹ́ wọ oko gbáàgúdá.” Inú mi dùn.

Koríko inú ọ̀rá tí wọ́n ń tà pẹ̀lú rẹ̀ ní àwọ̀ ewé tó tutù jù, ilẹ̀ òtútù ló yẹ. Kànrìnkàn ìbílẹ̀ tí mo rì sínú aró àwọ̀ ewé ni igbó mi. Ìyẹ́ adìyẹ tí mo fi sáàsì gé létí ni imọ̀ ọ̀pẹ. Okùn tí mo wé mọ́ igi ni ìtì rẹ̀. Ọ̀pẹ tó ga ní mítà 15 á jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 47, nítorí náà àwọn tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dàgbà ni mo gbìn. Páànù ilé, agolo mínírà ni: mo gé e pẹlẹbẹ, mo tẹ́ ẹ lórí ìyarí, mo fi ìdí bírò fa ojú ìlà kọ̀ọ̀kan títí ó fi gún. Agolo yẹn kì í dípẹtà, ọ̀dà ni ẹ ó fi ṣe ìpẹtà rẹ̀. Ẹ má fi ẹ̀kọ lẹ ohunkóhun, èèrà á bá yín jẹ oko. Lásìkò òjò, ọ̀rinrin ọ̀sà ò jẹ́ kí gọ́ọ̀mù tètè gbẹ, ẹ ní sùúrù.

Ẹ ṣọ́ra fún àwọn ẹran òjé àtijọ́. Britains ti ń ta oko òjé láti 1921, àárín ọdún 1960 sí 1969 ni wọ́n tó fi òjé sílẹ̀. Májèlé ni òjé; ẹ má fi lé ọmọ tó ń ki nǹkan bọnu lọ́wọ́. Ọmọ tó fẹ́ wa iyanrìn lẹ́yìnkùlé, Bruder oníke ni kí ẹ rà fún un. Tí katakata náà bá tilẹ̀ sùn sínú òjò, ẹ kàn máa fọ̀ ọ́ ni.