Ọdún mẹ́sàn-án pẹ̀lú SLK 230 mi ní Adó-Èkìtì

Ìgbà mẹ́rìnlá ni wọ́n ti fi okùn fa ọkọ̀ yìí wá sílé mi láti ọdún 2016 tí mo ti rà á. Iye náà dá mi lójú nítorí pé mo ní ìwé kékeré kan tí mo ń kọ ọjọ́ tó kú sí, ibi tó kú sí, ohun tó pa á àti iye tí mo ná kó tó jí. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin ṣí ìwé náà wò lọ́jọ́ kan, ó sì béèrè lọ́wọ́ mi pé ta ni aláìsàn tí mo ń tọ́jú. Síbẹ̀, nígbà tí oníbàárà kan wá láti Àkúrẹ́ lọ́dún tó kọjá, tó ka owó gidi sórí tábìlì mi láìdúnàádúrà, èmi fúnra mi ni mo kó owó náà padà sínú báàgì rẹ̀ tí mo sì sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Àwọn kan ń bi mí pé kí ló dé, àwọn mìíràn sì ń bi mí bóyá kí àwọn náà ra irú rẹ̀. Ìbéèrè méjèèjì ni mo fẹ́ dáhùn níhìn-ín, n kò sì ní fi ohunkóhun pamọ́, ìbáà ṣe iyì ọkọ̀ náà tàbí ìyà tó fi jẹ mí.

Mercedes-Benz SLK 230 Kompressor ti ọdún 1998 ni, aláwọ̀ fàdákà, oníjókòó méjì péré. Dókítà kan tó ń palẹ̀ ẹrù mọ́ lọ sí òkè òkun ló tà á fún mi, tòkùnbọ̀ ni òun náà sì rà á. Lẹ́tà mẹ́ta orúkọ rẹ̀ dúró fún ọ̀rọ̀ mẹ́ta ní èdè Jámánì: eléré ìje, fífúyẹ́ àti kúkúrú. N kò bá wọn jiyàn lórí èkíní àti ẹ̀kẹta, ṣùgbọ́n ìwọ̀n rẹ̀ lé ní kìlógírámù 1,300, ẹnikẹ́ni tó bá sì ti bá mi tì í gun òkè rí yóò sọ fún yín pé fífúyẹ́ kọ́ ni ọ̀rọ̀ tó yẹ ẹ́. Ọdún 1996 ni wọ́n kọ́kọ́ fi irú rẹ̀ han ayé, ọdún yẹn gan-an ni wọ́n sì yọ ìpínlẹ̀ Èkìtì kúrò lára Oǹdó, ní ọjọ́ kìíní oṣù kẹwàá, èyí ló fà á tí mo fi máa ń sọ fún àwọn ọmọ mi pé ẹgbẹ́ ni ọkọ̀ yìí àti ìpínlẹ̀ wa. Wọ́n ṣe é ní ìlú Bremen títí di ọdún 2004, wọ́n sì ṣe ju 300,000 lọ. Ó tọ́ kí n sọ ọ́ kí n tó tẹ̀síwájú pé n kò di ẹ̀bi ohun tí ẹ máa kà nísàlẹ̀ ru àwọn tó ṣe é. Ọkọ̀ tó ti lo ọdún 27, tó ti kọjá lọ́wọ́ ẹni tí n kò mọ iye wọn, tó wá ń sùn nínú oòrùn ilẹ̀ wa, rọ́bà rẹ̀ kò lè ṣàìgbó.

Ẹ́ńjìnnì rẹ̀ jẹ́ lítà 2.3, onípísítìnì mẹ́rin, agbára ẹṣin 193 ni wọ́n kọ sí i nígbà tó jáde. Kò fi bẹ́ẹ̀ ju ti ọkọ̀ ilé tuntun lọ lóde òní. Ohun tó yàtọ̀ ni Kompressor tí wọ́n kọ sí i lẹ́yìn, ìyẹn ẹ̀rọ tó ń ki afẹ́fẹ́ sínú ẹ́ńjìnnì ju èyí tí ẹ́ńjìnnì lè fà símú fúnra rẹ̀ lọ, kí epo tó pọ̀ sí i lè rí ibi jó. Èéfín tó ń jáde ló ń yí tọ́bò, ẹ̀rọ mìíràn tó ń ṣe irú iṣẹ́ yìí, nítorí náà èèyàn ní láti mú sùúrù díẹ̀ kí agbára rẹ̀ tó dé, ṣùgbọ́n bẹ́líìtì tó so mọ́ ẹ́ńjìnnì ló ń yí Kompressor, bí mo bá sì ti tẹ iná báyìí, ó ti dáhùn. Ẹni tó ń gbé ilẹ̀ tí orúkọ rẹ̀ ti inú òkìtì wá mọ ohun tí mo ń sọ. Lórí gẹ̀rẹ́gẹ̀rẹ́ Ẹfọ̀n-Aláayè, níbi tí ọkọ̀ akẹ́rù ti ń wọ́ bí ìgbín, ọkọ̀ mi a máa súfèé wẹ́rẹ́ lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, a sì gun òkè náà bí ewúrẹ́. Sítíárì rẹ̀ kò mú tó bẹ́ẹ̀, mo gbọ́dọ̀ sọ ọ́. Ẹni tó bá fẹ́ ọkọ̀ tí ń gé kọ́nà bí abẹ fẹ́lẹ́, Mazda MX-5 ni kó wá lọ.

Òrùlé rẹ̀ ni oògùn tó fi mú mi. Irin ni, kì í ṣe aṣọ. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, ìdérí búùtù yóò ṣí sẹ́yìn, òrùlé yóò gbéra, yóò ká sí méjì, yóò sì wọ inú búùtù lọ sùn, gbogbo rẹ̀ láàárín ìṣẹ́jú àáyá 25. Mercedes kọ́ ló kọ́kọ́ dá irú rẹ̀ lárà, nítorí Peugeot, ọkọ̀ tí àwọn ọ̀gá ilé ìwé wa fi ń yangàn nígbà èwe mi, ti ta ọkọ̀ olórùlé irin tí ń ká ní ilẹ̀ Faransé ṣáájú ogun àgbáyé kejì, àmọ́ SLK ló sọ ọ́ di àṣà padà. Ohun tí èèyàn fi ń san án ni àyè. Bí òrùlé bá wà lókè, búùtù gba lítà 348, bó bá sì ti wọlé sùn, 145 ló kù.

Àyè yìí ló kó mi sí wàhálà ní Ìgèdè ní oṣù kẹfà ọdún 2017. Mo ra iṣu márùn-ún létí títì, òrùlé wà ní ṣíṣí, iṣu kò sì wọ búùtù, ni mo bá tú aṣọ ìbòjú kan tí mo rí níbẹ̀ kúrò lójú ìkọ́ rẹ̀ kí n lè rọ́ wọn wọlé. Kò pẹ́ tí òjò fi ṣú. Mo tẹ bọ́tìnnì, kò dáhùn. Mo tún tẹ̀ ẹ́, ó kàn ń ṣẹ́jú iná pupa sí mi. Òjò náà dé, ó sì bá mi níbi tí mo jókòó sí nínú ọkọ̀ olówó gọbọi bí ẹni tó wọ inú agbada wẹ̀, títí tí àwọn ìyá oníṣu fi gbé tàpólì tí wọ́n fi ń bo ọjà wọn wá bò mí. Réwáyà tí mo gbé e lọ bá tú pọ́ńpù òrùlé palẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ó sì gba owó, kò rí nǹkan kan. Ọmọ mi obìnrin ló jókòó ka ìwé tó bá ọkọ̀ wá, tó sì wá fa aṣọ ìbòjú yẹn padà sójú ìkọ́ rẹ̀. Wọ́n fi í síbẹ̀ kí ẹrù má baà wà níbi tí òrùlé máa ń sùn sí, bí kò bá sì sí lójú ìkọ́, òrùlé kò ní mira. Ẹ̀bi mi ni, n kò sì fi iṣu sí búùtù náà mọ́.

Àìsàn tó gbówó lọ́wọ́ mi jù ni èyí tó máa ń kọlù ú bí ara rẹ̀ bá gbóná. Yóò gbé mi kúrò nílé wọ́ọ́rọ́wọ́, yóò sì kú fin-ín lójijì láàárín súnkẹrẹ-fàkẹrẹ ọkọ̀ lẹ́bàá Ọjà Ọba, láìkọ́kọ́ wúkọ́, láìgbọ̀n. Bí mo bá jókòó tì í fún bíi ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, yóò tún jí bí ẹni pé nǹkan kan kò ṣe é. Mẹkáníìkì mi kò rí i kó kú rí, nítorí pé ìgbà tí yóò bá fi dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, ara rẹ̀ ti tutù. A pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì, a pààrọ̀ kọ́ìlì, a pààrọ̀ pọ́ńpù epo, gbogbo rẹ̀ lásán. Sẹ́ńsọ̀ kékeré kan tí kò ju àtàǹpàkò lọ ni olè náà, èyí tó ń ka bí irin ìsàlẹ̀ ẹ́ńjìnnì ṣe ń yí kí kọ̀ǹpútà ọkọ̀ lè mọ ìgbà tó yẹ kó tan iná kó sì tú epo. Ìtòsí ooru ẹ́ńjìnnì ló ń gbé, bó bá sì ti gbó, ooru a máa pa á, òtútù a sì máa jí i. Mo ra tuntun ní ₦18,000 lọ́wọ́ ẹnì kan tó búra fún mi pé ojúlówó ni, ọjọ́ mọ́kànlá ló lò. Èyí tí wọ́n tú lára ọkọ̀ tó ní jàǹbá, tí wọ́n bá mi rà ní ọjà Ládipọ̀ ní Èkó ní ọdún 2019, ló ṣì wà níbẹ̀ di òní. Bẹ́ẹ̀ ni rílè kan, ìyẹn ẹ̀rọ kékeré tó ń tan iná mọ̀nàmọ́ná tó sì ń pa á, tún wà lábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì, tí ojú ibi tí wọ́n fi òjé jó pọ̀ nínú rẹ̀ máa ń sán bó bá dàgbà. Réwáyà mìíràn ní Ajílosùn tún un jó fún mi láàárín wákàtí kan, owó tó gbà kò ju owó iyán lọ.

Epo òrùlé ni ẹjọ́ tí kò tíì parí láàárín wa. Epo kan, tí kì í ṣe èyí tí ẹ́ńjìnnì ń jó, ni pọ́ńpù fi ń ti òrùlé gbéra, inú búùtù ni pọ́ńpù náà wà, ọ̀kan nínú àwọn sìlíńdà kéékèèké tí epo ń lọ bá sì wà lókè orí ẹni gan-an, níbi tí òrùlé ti ń kọ́ mọ́ fírémù gíláàsì iwájú. Rọ́bà inú rẹ̀ gbẹ, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í kán. Ìgbéyàwó ọmọ ọ̀rẹ́ mi ní Ìkẹ́rẹ́ ni mo ń lọ nígbà tí mo kọ́kọ́ mọ̀. Agbádá funfun ni mo wọ̀, ìyàwó mi wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi pẹ̀lú gèlè tó ti wé láti ìdájí, nígbà tí mo sì tẹ bọ́tìnnì kí àwọn èèyàn lè rí wa bí a ṣe ń wọlé, ẹ̀kán mẹ́ta bọ́ sí èjìká mi, ọ̀kan bọ́ sórí gèlè. Láti ọjọ́ náà ni ìyàwó mi ti ń pe ọkọ̀ yìí ní orogún òun. Bí àlejò bá béèrè mi, yóò ní mo wà lọ́dọ̀ ìyàwó kékeré, lábẹ́ igi máńgòrò mẹkáníìkì.

Inú ọkọ̀ náà kò tó kí ń sọ̀rọ̀ púpọ̀ lé lórí. Ọ̀dà tí wọ́n fi kun ara dáṣíbọ́ọ̀dù ti ń hó bí awọ alángbá, amúlétutù ń ṣiṣẹ́ nígbà tó bá wù ú, abẹ́ ọkọ̀ sì sún mọ́ ilẹ̀ débi pé mo mọ gbogbo bọ́mpù tó wà láàárín ilé mi àti Fájuyì lọ́kọ̀ọ̀kan.

Kí ló wá dé tí n kò tà á? Àárọ̀ Sátidé nínú oṣù kìíní ni ìdáhùn mi. Ọyẹ́ ti mú, n óò ṣí òrùlé, n óò de fìlà mọ́rí, n óò tan ooru sí ẹsẹ̀, n óò sì dorí kọ ọ̀nà Ìyìn, Ìgèdè, Àràmọkọ, títí dé Ìkógòsì níbi tí omi gbígbóná àti omi tútù ti ń pàdé. Òórùn oko jíjó a máa wọlé tọ̀ mí wá, a sì máa kúrò, òórùn àkàrà a gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Ṣùgbọ́n ohun tó dùn mọ́ mi jù kì í ṣe ìyẹn. Nínú ọkọ̀ olórùlé tí wọ́n pa gíláàsì rẹ̀ dé, èèyàn yóò kọjá lára àgbàlagbà tó ń lọ oko láìkí i, ẹṣin irin ni ó gbé e kọjá. Nínú ọkọ̀ yìí, mo máa ń dẹ̀rìn, n óò ṣíjú fìlà, n óò ní, “Ẹ kú àárọ̀ o, bàbá,” bàbá náà yóò dúró, yóò wo òkè ọkọ̀ tí kò sí níbẹ̀, yóò sì dáhùn pé, “Ẹ kú ìrìn o, ẹ rọra, òjò ń bọ̀.” Nínú oṣù kìíní! N kò tíì rí ọkọ̀ mìíràn tó ń jẹ́ kí n gba àdúrà tó bẹ́ẹ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó máa jẹ oyin inú àpáta kì í wo ẹnu àáké.

Ẹ má rà á bó bá jẹ́ òun nìkan ni ẹ óò ní. Èmi ní Corolla tó ń lọ ọjà àti ibi iṣẹ́, òun ló ń bo àṣírí ìyàwó kékeré. Bí ẹ bá ní ọkọ̀ mìíràn, tí ẹ sì ní réwáyà tó ń kàwé kó tó tú nǹkan, ẹ lọ wò ó lọ́sàn-án gangan, kì í ṣe láàárọ̀, ẹ jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì rẹ̀ gbóná kọjá wákàtí kan láìpa á, kí ẹ tó ná an. Ẹ ní kí olówó rẹ̀ ṣí òrùlé kó sì pa á dé lẹ́ẹ̀mẹta níṣojú yín, ẹ ká kápẹ́ẹ̀tì búùtù sókè kí ẹ sì ki ọwọ́ bọ̀ ọ́ láti mọ̀ bóyá epo wà níbẹ̀, ẹ wo wáyà tó ń wọ ìdérí búùtù lójú ibi tó ti ń ṣẹ́, nítorí ibẹ̀ ló máa ń bó. Ẹni tó bá sì sọ fún yín pé òrùlé rẹ̀ kàn ń fẹ́ iná bátìrì díẹ̀ ni, ẹ kí i kí ẹ sì máa lọ.

Bí mo ti ń kọ èyí, kò sí nílé. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta rèé tó ti wà lábẹ́ igi máńgòrò yẹn, ìdérí búùtù rẹ̀ lanu sílẹ̀, tí wọ́n ń dúró de rọ́bà sìlíńdà. Mẹkáníìkì pè mí láàárọ̀ yìí pé rọ́bà ti dé láti Èkó, ó ní kí n mú epo òrùlé lítà kan dání bí mo bá ń bọ̀. Mo ti ra lítà méjì.