Ọ́fíìsì tó ń bá akẹ́kọ̀ọ́ tuntun forúkọ sílẹ̀ ní yunifásítì, ní Ouando: dósíè wọn dáa gan-an, ọ̀rọ̀ yàrá ni wọn ò tíì mọ̀ ọ́n ṣe tó

Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín fẹ́ ṣe Bac, ìdánwò tí wọ́n fi ń jáde sẹ́kọ́ńdírì, lọ́dún yìí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ fara balẹ̀ ka èyí, torí tí èsì bá ti jáde ní oṣù keje, eré àsápajúdé ló máa ń di, kò sẹ́ni tó máa ń ráyè ronú mọ́. Ọ́fíìsì kan wà níbí ní Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) ní Benin, lápá Ouando, kò jìnnà sọ́jà, iṣẹ́ wọn ni pé kí wọ́n mú ọmọ láti ọjọ́ tó máa yan filière, ìyẹn ẹ̀ka ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kọ́, títí dé ọjọ́ tó máa gbé ẹrù ẹ̀ wọ yàrá. 15.000 fránkì ni wọ́n gbà lọ́wọ́ wa fún gbogbo ẹ̀. Ọmọ àbúrò mi ni mo mú lọ, láti Kétu ni òun àti bàbá ẹ̀ ti wá, mo wà níbẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin, bó ṣe lọ náà ni mo fẹ́ sọ.

Ohun tó kọ́kọ́ wù mí níbẹ̀ ni ìbéèrè tí màdáàmù tó wà nídìí tábìlì fi bẹ̀rẹ̀. Àwa rò pé máàkì ló máa bèèrè, àbí kó ní kí ọmọ sọ ohun tó fẹ́ kọ́. Rárá o. Ó kí bàbá ọmọ dáadáa, "Ẹ kú ìrìn o bàbá, ẹ kú ewu ọ̀nà", ó fún wa ní ìjókòó, ó ní kí wọ́n fún wa lómi, ó wá kọjú sọ́mọ, ó ní "Màmá mi, tó bá jẹ́ Parakou ni wọ́n gbé ẹ lọ, ilé ta lo máa sùn?" Ọmọ wo bàbá ẹ̀, bàbá ẹ̀ wo èmi. Ó ní "Calavi ńkọ́? Ṣé ẹ lẹ́nì kan níbẹ̀?" A ò lẹ́nì kankan. Ó wá fa ìwé ńlá kan yọ tó ti fi rúlà là sí òpó-òpó, orúkọ ọmọ, nọ́ńbà ìdánimọ̀ NPI, série Bac (ẹ̀ka tó ti ṣe ìdánwò náà), filière àkọ́kọ́, ìkejì, ìkẹta, òpó tó kẹ́yìn ni "ibi tó máa sùn". Báírò ló fi kọ gbogbo ìyókù, pẹ́ńsù ló fi kọ èyí tó kẹ́yìn yẹn, ó ní òun ló máa ń yí padà jù.

Mo nífẹ̀ẹ́ sí ìyẹn gan-an torí òótọ́ tí ọ̀pọ̀ nínú wa ò tíì rí ni màdáàmù yìí fi ń ṣiṣẹ́. A máa ń rò pé filière lọmọ ń yàn lórí apresmonbac.bj, ìkànnì ìjọba tí wọ́n ti ń yàn án, ìlú ló ń yàn pẹ̀lú. Yunifásítì ìjọba mẹ́rin la ní báyìí, Abomey-Calavi, Parakou, UNSTIM (ti ìmọ̀ ẹ̀rọ) ní Abomey àti UNA (ti iṣẹ́ àgbẹ̀) ní Kétu, àti pé àwọn ilé ẹ̀kọ́ míì wà tó jẹ́ pé orúkọ Abomey-Calavi ló wà lórí wọn àmọ́ ibòmíì ni wọ́n wà, ENS (ti olùkọ́) àti INJEPS (ti eré ìdárayá) wà níbí ní Àjàṣẹ́, IMSP (ti ìṣirò àti físíìsì) wà ní Dangbo. Ọmọ Àjàṣẹ́ tó wọ INJEPS á máa ti ilé màmá ẹ̀ lọ sí kíláàsì. Ọmọ Àjàṣẹ́ kan náà tó bọ́ sí Parakou, yàrá, oúnjẹ, owó ọkọ̀ lọ owó ọkọ̀ bọ̀, gbogbo ẹ̀ di tuntun. Bourse (owó ìrànwọ́ ìjọba) tàbí titre payant (kéèyàn fi owó ara ẹ̀ sanwó) ni gbogbo wa ń sáré wò lọ́jọ́ tí classement, ìwé orúkọ àwọn tí wọ́n gbà, bá jáde, bẹ́ẹ̀ owó yàrá lè ju owó ìforúkọsílẹ̀ lọ ní ìlọ́po-ìlọ́po.

Ọmọ tiwa, iṣẹ́ àgbẹ̀ ló fẹ́ kọ́, Bac D, ti sáyẹ́ǹsì, ló ṣe. Ó fẹ́ fi agronomie ti Calavi ṣe àkọ́kọ́ torí àwọn ọ̀rẹ́ ẹ̀ ń lọ síbẹ̀, bàbá ẹ̀ ní UNA ní Kétu ló yẹ kó ṣáájú kó lè máa sùn nílé. Wọ́n fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í jà níbẹ̀. Màdáàmù ò gbè sẹ́nì kankan. Ó mú bébà, ó kọ iye tí ọdún kan máa náni ní Calavi sápá kan, iye tó máa náni ní Kétu sápá kejì, yàrá, ìtanná, omi, gáàsì, ọ̀kadà, fọ́tòkópì, ó sì gbé bébà náà síwájú bàbá, ó ní "Bàbá, ẹ̀yin lẹ mọ àpò yín, àmọ́ ẹ má jẹ́ kó jẹ́ oṣù kẹwàá lẹ máa tó mọ iye yìí." Bàbá wò ó pẹ́, ó béèrè nǹkan díẹ̀, ó ní òun lè ṣe é. Calavi ṣáájú, UNA tẹ̀ lé e, FAST, ti sáyẹ́ǹsì, ṣìkẹta. Kò sẹ́ni tó bínú jáde níbẹ̀.

Ní ti dósíè, mi ò rí ohun tí mo lè bá wọn wí. Wọ́n yẹ acte de naissance (ìwé ìbí), CIP (ìwé ìdánimọ̀) àti relevé (ìwé máàkì) wò lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, ẹ sì mọ bí orúkọ àwa Yorùbá ṣe máa ń rí nínú ìwé ìjọba níbí, wàá rí Akanbi nínú ìwé kan, Akambi nínú ìkejì, ẹni kan náà. Irú ẹ̀ wà nínú ìwé tiwa, wọ́n rí i kí ohunkóhun tó wọ orí íntánẹ́ẹ̀tì, wọ́n ní kí bàbá lọ tún un ṣe kó tó padà wá. Ó dùn wá lọ́jọ́ yẹn torí ọ̀nà jìn, àmọ́ mo mọ ọmọ kan ládùúgbò wa tí irú lẹ́tà kan bẹ́ẹ̀ dá a dúró tí kíláàsì fi bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ẹ̀. Owó ìforúkọsílẹ̀, ojú wa ni wọ́n ti san án lórí MoMo, wọ́n tẹ rìsíìtì ẹ̀ síta lẹ́ẹ̀mejì, ọ̀kan fún bàbá, ọ̀kan nínú póṣẹ́ẹ̀tì ọmọ. Wọn kì í gba password ọmọ pa mọ́ sọ́dọ̀ o, ọmọ fúnra ẹ̀ ni wọ́n ní kó tẹ̀ ẹ́ kó sì kọ ọ́ síwèé ara ẹ̀. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ti lọ sí sáíbà ibòmíì tí wọ́n ti password ọmọ yín mọ́lé títí ẹ fi sanwó míì, ẹ mọ ìdí tí mo fi sọ eléyìí.

Calavi ni wọ́n gbé ọmọ wa lọ. Ó wá ku yàrá.

Kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé nǹkan kan, kó má dà bíi pé ọ́fíìsì yìí nìkan ni mo dá lẹ́bi. Bẹ́ẹ̀dì inú kámpọ́ọ̀sì ò lè tó, kò sì tíì tó rí. Ọdún 1970 ni wọ́n dá yunifásítì tó wà ní Calavi sílẹ̀, iye ọmọ tó wà níbẹ̀ lónìí ò bá tìgbà yẹn dọ́gba rárá. Iye àyè tó wà nínú filière lọ́tọ̀, iye bẹ́ẹ̀dì lọ́tọ̀, COUS ló ń bójú tó ilé àwọn akẹ́kọ̀ọ́, oúnjẹ àti bọ́ọ̀sì, kíláàsì ni ti yunifásítì. Wọ́n lè fún ọmọ láyè ìjókòó kó má sì ní àyè ìsùn. Kódà ní Amẹ́ríkà, níbi tí ọ̀pọ̀ yunifásítì ti fi dandan lé e pé ọmọ ọdún àkọ́kọ́ gbọ́dọ̀ sùn nínú kámpọ́ọ̀sì, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn sì máa ń ní kí ọmọ fèsì kó san owó tí wọ́n fi ń di àyè mú, ó pẹ́ tán ọjọ́ 1 oṣù karùn-ún, kí wọ́n lè mọ iye ọmọ tó ń bọ̀, ó ṣì máa ń dàrú mọ́ wọn lọ́wọ́. Wọ́n mọ̀ pé kì í ṣe gbogbo ẹni tí wọ́n gbà ló máa wá, wọ́n á gbà ju àyè tó wà lọ, ọdún tí àwọn tó wá bá wá pọ̀ ju bí wọ́n ṣe rò, yàrá ẹni méjì á di tẹni mẹ́ta. Ṣẹ́ ẹ rí i, ìṣirò tó le ni. Níbí ńkọ́, ọmọ tó ń bọ̀ láti Kétu, láti Ṣábẹ̀ẹ́, láti Pobè, tí kò mọ ẹnì kan ní Calavi, ìta kámpọ́ọ̀sì ló máa ti wá yàrá, Zogbadjè, Aïtchédji, Kansounkpa, ọwọ́ démarcheur, ẹni tó ń gbowó báni wá ilé, ló sì máa bọ́ sí. Torí ẹ̀ la ṣe sanwó fún ọ́fíìsì. Torí ẹ̀ náà ni ọ̀rọ̀ yìí fi dùn mí.

Démarcheur tí wọ́n fà lé wa lọ́wọ́ fi fọ́tò entrée-coucher kan, ìyẹn yàrá kan ṣoṣo, ránṣẹ́ lórí WhatsApp, 15.000 lóṣù, ọ̀dà tuntun, káró funfun nílẹ̀, fèrèsé nàkó, ọmọ ti ń yọ̀. A dé Zogbadjè, ó gba 2.000 owó ìrìn kó tó ṣílẹ̀kùn. Mo wọlé, mo ti ilẹ̀kùn padà kí n lè wo ẹ̀yìn ẹ̀. Ibi tí ilẹ̀kùn máa ń bò yẹn, ọlọ́dà ò débẹ̀, ìlà omi wà lára ògiri ó ga tó orúnkún mi, ó pọ́n bí ẹrẹ̀, ìsàlẹ̀ férémù ilẹ̀kùn ti rà, mo fi èékánná tẹ̀ ẹ́ ó sì wọlé. Ọmọbìnrin kan ń fọṣọ lágbàlá, mo kí i, mo bi í, ó ní tí òjò oṣù kẹfà bá ti dé, orí tábìlì làwọn máa ń gbé mátírẹ́ẹ̀sì sí. Démarcheur yẹn ti mú èèyàn wọ yàrá yìí rí, kò lè sọ pé òun ò mọ̀. Mo padà sọ fún màdáàmù, ó bẹ̀ wá, ó kọ ọ́ sílẹ̀, àmọ́ 2.000 wa ò padà, kò sì yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ẹni tó bá fi démarcheur lé èèyàn lọ́wọ́ ló yẹ kó dúró fún un.

Yàrá kejì, Aïtchédji, ilẹ̀ ibẹ̀ ga, ó dáa. Onílé wá ní òun máa gba oṣù mẹ́fà ṣáájú, pẹ̀lú caution, owó tó máa fi pa mọ́, fún iná àti omi, pẹ̀lú owó oṣù kan fún démarcheur. Bàbá ọmọ ti ń ka owó. Mo ní kó dúró ná. Òfin wà nílẹ̀ láti ọdún 2018 lórí yíyá ilé gbé ní Benin, owó tí onílé máa gbà ṣáájú ò gbọdọ̀ ju ti oṣù mẹ́ta lọ. Mo fi pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ sọ ọ́ fún bàbá onílé, mo fi í hàn án lórí fóònù, ó kọ́kọ́ bínú, ó ní àwọn tó kù ń san oṣù mẹ́fà, ìyàwó ẹ̀ ló bá wa bẹ̀ ẹ́, nígbẹ̀yìn ó gba 45.000 fún oṣù mẹ́ta. Démarcheur dúró níbẹ̀ ní gbogbo àkókò yẹn kò sọ ọ̀rọ̀ kan. Ọ́fíìsì tó lè rí aṣìṣe lẹ́tà kan nínú orúkọ ọmọ, kí ló dé tí wọn ò lè lẹ òfin yìí mọ́ ògiri kí gbogbo òbí tó bá wọlé rí i? Bàbá tí kò ka Faransé, tó ti ta àgbàdo kó lè rówó yìí san, ta ló máa bá a sọ ọ́?

Síbẹ̀ mi ò lè gbàgbé ohun kan tí wọ́n ṣe. Òpó oní-pẹ́ńsù yẹn, wọ́n máa ń kà á papọ̀. Màdáàmù ti rí i pé ọmọ kan láti Ṣábẹ̀ẹ́ náà ń lọ sí Calavi, ọdún àkọ́kọ́, obìnrin, kò lẹ́nì kan níbẹ̀. Ó fi nọ́ńbà ìyá ọmọ náà ránṣẹ́ sí wa lẹ́yìn tó ti gba àṣẹ lẹ́nu ẹ̀. Àwọn òbí méjèèjì ti sọ̀rọ̀ lórí fóònù ṣáájú, a sì jọ pàdé ní Aïtchédji lọ́jọ́ tí a máa sanwó, ìyá ti Ṣábẹ̀ẹ́ gbé gààrí àti ẹ̀wà wá, wọ́n kí ara wọn bí ẹbí. Àwọn ọmọ méjì náà ló jọ ń gbé yàrá yẹn báyìí, 7.500 lẹ́nì kọ̀ọ̀kan. Ìyá ọmọ tiwa tí kì í sùn láti ọjọ́ tí classement ti jáde, ó ti ń sùn.

Tó bá jẹ́ ìforúkọsílẹ̀ nìkan, ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn, mi ò yọ ìdajì kan. Yàrá, méjì, ti màdáàmù sì ni méjèèjì, kì í ṣe ti démarcheur. Mo ti bá a sọ ọ́ lójúkojú, mo ní kó pààrọ̀ ẹni yẹn, kó sì máa rán ẹnì kan lọ wo yàrá lásìkò òjò kó tó fi fọ́tò ẹ̀ han òbí kankan, ó ní òun gbọ́. Tẹ́ ẹ bá fẹ́ lọ, ẹ lọ kí èsì Bac tó jáde, torí lẹ́yìn ìgbà yẹn ìlà máa ń dé ẹnu títì. Ẹ mú acte àti CIP ọmọ dání, ẹ jẹ́ kí ọmọ fúnra ẹ̀ wà níbẹ̀. Owó démarcheur, ẹ ní kí wọ́n kọ ọ́ sínú rìsíìtì tiwọn kẹ́ ẹ tó gbéra lọ sí Calavi, iye tó máa gbà láti fi yàrá hàn yín, iye tó máa gbà tẹ́ ẹ bá mú un, àti pé tí omi bá ti wọ yàrá náà rí, kò ní gba nǹkan kan.