Oṣù mẹ́fà tí mo fi ń ṣe físíò fún egungun mi, láti Ìkẹ́rẹ́ dé Adó

Ara aṣọ ni mo ti kọ́kọ́ mọ̀ pé nǹkan ń ṣe egungun mi. Gáùn tí wọ́n rán fún mi lọ́dún tí mo fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ tíṣà, ọrùn ẹsẹ̀ ló ń mọ. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í wọ́lẹ̀. Mo rò pé aṣọ ló fà, àṣé èmi ni mo ń kúrú. Lọ́jọ́ kan mo gbé garawa omi nídìí kànga, ẹ̀yìn mi dún kẹ̀, n kò lè nàró mọ́.

X-ray fi hàn pé eegun ẹ̀yìn kan ti rún. Wọ́n ní kí n lọ ṣe àyẹ̀wò DEXA, èyí tí wọ́n fi ń wọn bí egungun ṣe le tó; máàkì −2.9 ló jáde. Bó bá ti dé −2.5 tàbí tó lọ sísàlẹ̀ jù bẹ́ẹ̀, osteoporosis nìyẹn: inú egungun ti dà bíi kànìnkànìn. Dókítà ṣàlàyé pé tí nǹkan oṣù obìnrin bá ti dúró, hòmóònù tó ń dáàbò bo egungun máa ń dínkù. Ó fún mi lóògùn, ó ní kí n ṣe físíò pẹ̀lú, ìyẹn ìtọ́jú tí wọ́n fi ń kọ́ni bí a ṣe ń lo ara àti bí a ṣe ń mú un lágbára.

Ibi àkọ́kọ́ tí mo lọ, n kò ní dárúkọ wọn. Wọ́n á gbé nǹkan gbígbóná lé mi lẹ́yìn, wọ́n á wọ́ mi lára, ó parí. Lọ́jọ́ kẹta wọ́n ní kí n jókòó, kí n tẹ̀ síwájú títí ọwọ́ mi á fi kan ọmọ ìka ẹsẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi sunkún. Ẹni tí eegun ẹ̀yìn rẹ̀ ti rún kò gbọdọ̀ ká ẹ̀yìn bẹ́ẹ̀! Inú ṣì ń bí mi.

Ilé ìwòsàn ìjọba kan ní Adó ni mo ti rí ìtọ́jú gidi. Ọmọbìnrin tó ń ṣe físíò níbẹ̀ kò fọwọ́ kàn mí lọ́jọ́ àkọ́kọ́, ó kàn ń béèrè ohun tí mo ń ṣe láti àárọ̀. Mo ní mo ń gbálẹ̀. Ló bá lọ mú ìgbálẹ̀ wá: "Màmá, ẹ gbá a kí n rí i." Mo bẹ̀rẹ̀ bí gbogbo wa ṣe ń bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yìn mi ká bí ọrun. Ó rọra gbé ọwọ́ lé ìbàdí mi: "Ibí ni kí ẹ ti tẹ̀, Màmá. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀yìn nà, kí orúnkún rọ̀." Àṣé ọgọ́ta ọdún ni mo ti fi ń gbálẹ̀ lódì. Mo ti so igi gígùn mọ́ ìgbálẹ̀ mi báyìí.

Ó ní kí n máa dìde lórí àga láìfọwọ́ tì, ìgbà mẹ́wàá, kí n máa fa rọ́bà tí a so mọ́ ilẹ̀kùn bí ẹni ń fa omi, kí n sì máa gbé ẹsẹ̀ kan síwájú èkejì, kí gìgísẹ̀ rẹ̀ fara kan ọmọ ìka èkejì, kí n dúró bẹ́ẹ̀, kí ẹnìkan sì wà nítòsí. Èyí tó kẹ́yìn yìí ni kò ní jẹ́ kí n tètè máa ṣubú, torí ìṣubú ló sábà máa ń ṣẹ́ egungun ìbàdí. Egungun fẹ́ kí ara gbé ìwúwo ara rẹ̀, ìdí nìyẹn tí mo fi ń rìn lójoojúmọ́ níbi tí mo ti ń wo òkè Olósùnta ní Ìkẹ́rẹ́. Oògùn mi, ọ̀sẹ̀ ọ̀sẹ̀ ni: òfìfo inú, omi kíkún kọ́ọ̀pù, n kò sì gbọdọ̀ dùbúlẹ̀ fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú. Àsìkò yẹn ni mo ń fa rọ́bà.

Gíga mi kò padà, kò sì sí ẹni tó ṣèlérí rẹ̀. Owó mọ́tò ń dunni, torí ọmọbìnrin físíò náà ní n kò gbọdọ̀ gun ọ̀kadà, gbígbò rẹ̀ kò dáa fún eegun ẹ̀yìn. Iyán gígún náà, ó ní ó di èèwọ̀. Obìnrin Èkìtì, kí ọmọ àbúrò mi máa gúnyán fún mi! Ó dùn mí púpọ̀. Ṣùgbọ́n níbi ìgbéyàwó kan lóṣù tó kọjá, mo kúnlẹ̀ kí àwọn àgbà, mo sì dìde láìdi nǹkankan mú.

Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ni mo ń lọ sí Adó báyìí. Rọ́bà àkọ́kọ́ ti já, mo ti ra òmíràn.