Ìrìn ẹlẹ́gbẹ́ ní aṣálẹ̀ Death Valley: ẹ̀yin ará Ìbàdàn tẹ́ ẹ ń lọ kí ọmọ ní Las Vegas, ẹ gbọ́ o

Látìgbà tí mo ti padà dé ni àwọn èèyàn ní Bódìjà ò ti yéé bi mí pé ṣé lóòótọ́ ni mo sanwó kí wọ́n lè mú mi lọ fẹsẹ̀ rìn nínú aṣálẹ̀. Bẹ́ẹ̀ ni o, mo san án, tí wọ́n bá sì ní kí n tún san án lọ́la màá san án.

80 dọ́là lórí ẹnì kan ni. Mọ́tò àwọn tó ń mú èèyàn lọ rìn yìí wá gbé wa nílé àbúrò mi ní Las Vegas ní ìdájí, nǹkan bíi wákàtí méjì la fi dé Death Valley ní California, owó ìwọlé wà nínú ẹ̀, omi àti búrẹ́dì náà wà nínú ẹ̀. Tẹ́ ẹ bá ní mọ́tò tiyín, owó ìwọlé 30 dọ́là ni wọ́n ń gbà lórí mọ́tò kan, ọjọ́ 7 lẹ sì lè fi wọlé wọ̀de. A wọ Golden Canyon, àfonífojì tóóró kan láàárín àwọn ògiri àpáta, a gba abẹ́ òkè Manly Beacon kọjá, a wá sọ̀kalẹ̀ gba inú Gower Gulch, ipa àgbàrá mìíràn, padà síbi tí mọ́tò wà, gbogbo ẹ̀ bíi kìlómítà 7. Oòrùn àárọ̀ bà lé àwọn ògiri àpáta yẹn, gbogbo ẹ̀ di pupa rúsúrúsú, ó rẹwà débi pé mo dúró mi ò lè sọ̀rọ̀. Ṣùgbọ́n fọ́tò ibẹ̀ pọ̀ nílẹ̀, ẹ lọ wò ó. Ọkùnrin tó ṣíwájú wa ni mo fẹ́ sọ̀rọ̀ ẹ̀, torí òun gan-an lowó yẹn wà fún.

Ká tó gbé ẹsẹ̀ kan, ó ní ká ṣí báàgì wa. Ó ń gbé rọ́bà omi oníkálukú sókè lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ń mì í, ó ń wò ó. Ọ̀gbẹ́ni kan mú rọ́bà kékeré kan ṣoṣo dání ó ní òun kì í mu omi púpọ̀, ọkùnrin yìí ò bá a jiyàn, ó kàn ní kó lọ bu sí i lẹ́yìn mọ́tò, pé tí kò bá bù ú kò ní bá wa lọ. Lítà 4 lójúmọ́, ó kéré tán, ni àwọn tó ń bójú tó ibẹ̀ ní kí èèyàn mu. Oṣù Kìíní la lọ, ara tù wá dáadáa, àmọ́ níbẹ̀ náà ni wọ́n ti wọn ooru 56.7°C ní ọjọ́ 10 oṣù Keje 1913, tí ooru bá sì ti dé wọ́n kì í fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rìn nísàlẹ̀ yẹn lẹ́yìn aago 10 àárọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má jẹ́ kí ọmọ yín mú yín débẹ̀ nígbà ooru.

Èyí tó wá wọ̀ mí lọ́kàn jù ni ọ̀rọ̀ àgbàrá. Ilẹ̀ tá à ń tẹ̀ yẹn, òkúta wẹ́wẹ́ àti iyanrìn gbígbẹ, ipa àgbàrá ni látòkè délẹ̀. Ó tẹ̀ ba lẹ́bàá ògiri, ó fi àfọ́kù ọ̀dà dúdú kan hàn wá, ó ní ọ̀nà ọlọ́dà ni wọ́n ṣe wọ inú Golden Canyon nígbà kan, mọ́tò ń gbà á, àfi ìgbà tí àgbàrá kó gbogbo ẹ̀ lọ lọ́dún 1976. Àwọn òyìnbó tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ń pariwo pé báwo, òjò ibẹ̀ ò ju nǹkan bíi sẹ̀ǹtímítà 5 lọ́dún kan gbáko! Èmi ọmọ Ìbàdàn tó mọ ohun tí Ògùnpa ṣe ní 31 oṣù Kẹjọ 1980, tí omíyalé ti 2011 sì ṣojú mi, kò yà mí lẹ́nu. Ó ṣàlàyé pé ilẹ̀ yẹn le, kì í fa omi mu, òjò lè máa rọ̀ lórí òkè tó jìnnà kí ọ̀run mọ́ roro lórí tiyín, kí omi ṣì dé bá yín nínú ọ̀nà tóóró yẹn tí kò síbi tẹ́ ẹ fẹ́ yà sí. Ní 20 oṣù Kẹjọ 2023, òjò ọdún kan ló rọ̀ lọ́jọ́ kan ṣoṣo, nǹkan bí oṣù méjì ni wọ́n fi ti ibẹ̀ pa. Òun máa ń wo ojú ọjọ́ àwọn òkè yẹn kó tó kó èèyàn wọlé, tí kò bá dáa ó máa ń dá owó padà. Ẹni tó bá lè dá owó padà nítorí òjò, mo lè fọkàn tán an.

Àmọ́ wọn ò pé ṣá o. Èèyàn ti pọ̀ jù, a lé ní ogún, níbi tí ọ̀nà ti há a kàn ń dúró de ara wa. Wọ́n tún sáré kọjá nínú Gower Gulch, ibẹ̀ sì ni ìtàn wà jù: wọ́n darí omi Furnace Creek Wash, ipa odò gbígbẹ kan nítòsí, síbẹ̀ lọ́dún 1941 kí àgbàrá má bàa lọ bá àwọn ilé tó wà nísàlẹ̀, látìgbà náà ló ti ń gbẹ́ ojú odò náà jìn sí i, àwọn ihò tí awakùsà gbẹ́ torí borax, iyọ̀ inú ilẹ̀ kan tí wọ́n fi ń ṣe ọṣẹ, ṣì wà lára ògiri (ẹ má wọ̀ ọ́ o). Èmi ni mo béèrè kí wọ́n tó sọ. Búrẹ́dì wọn náà tutù, kò ní adùn, ẹ mú nǹkan tiyín dání. Ilé ìgbẹ́ wà níbi tí mọ́tò dúró sí nìkan, fóònù ò sì rí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Àwọn àgbà tó ń bẹ̀rù pé orúnkún ò ní gbà á, ẹ máa gun Òkè Àrẹ̀ láàárọ̀, ẹ lọ dé Bower's Tower kẹ́ ẹ padà, tẹ́ ẹ bá ti ń ṣe ìyẹn láìmí hẹlẹ, ẹ lè lọ. Kánfáàsì tí abẹ́ ẹ̀ ní eyín dáadáa ni kẹ́ ẹ wọ̀, ẹ mú fìlà, ẹ mú òrí díẹ̀ dání fún ètè torí afẹ́fẹ́ ibẹ̀ gbẹ gan-an. Tí mo bá tún padà lọ, Mosaic Canyon nítòsí Stovepipe Wells ni màá ní kí wọ́n mú mi lọ, wọ́n ní omi ti fọ òkúta mábù ibẹ̀ dán gbinrin, ọkùnrin kan náà yìí ni màá sì béèrè.